Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìjàpá Ṣubú

Ní agbo ilé tí wọ́n gbé bí mi ní Àjọwá-Àkókó, ìlú tí òkè àpáta yí ká bí ìgbà tí àgbébọ̀ adìyẹ bá na ìyẹ́ bo ọmọ rẹ̀, ìyàwó méjì ni bàbá mi àgbà fẹ́. Orogún tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ gbólóhùn asọ̀ láàrin wọn lórí oúnjẹ tàbí lórí ọmọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ọ̀rọ̀ sì di ti àlọ́, olúkúlùkù a di ọmọ òkè tirẹ̀. Ìhà Daja ni àwọn òbí ìyáálé ti wá. Ọmọ Uro ni ìyàwó kejì. Ní alẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan, àwọn méjèèjì jókòó sí ìdí àtùpà, ọpọ́n ẹ̀gúsí wà láàrin wọn, ìka wọn ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ojú ń wò ó, èèpo ẹ̀gúsí ń ṣẹ́ pẹ́, pẹ́, pẹ́, àwa ọmọdé sì rọ̀gbà yí wọn ká. Ìyáálé pàlọ́ fún wa. Ó ní nígbà tí ìyàn mú, gbogbo ẹyẹ yá Ìjàpá ní ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n mú un lọ jẹ àsè lókè ọ̀run. Ó fi ọgbọ́n àgálámàṣà jẹ oúnjẹ mọ́ gbogbo wọn lójú, wọ́n sì fi ìbínú gba ìyẹ́ wọn padà. Ó já lulẹ̀ gbì, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá, èèrà ni ó sì ṣa àfọ́kù náà jọ tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn. Kò tíì pa ẹnu dé tí ìyàwó kejì fi gbé ojú kúrò nínú ẹ̀gúsí, tí ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ má bínú o. Ìgbín ni. Itọ́ ìgbín ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á fún mi lórí òkè tiwa.”

Ọwọ́ dúró nínú ọpọ́n. Àwa ọmọdé ń wo ẹnu ìyáálé, a ń wo ẹnu ìyàwó, nítorí àgbà ni àwọn méjèèjì, àgbà kì í sì í purọ́ fún ọmọdé nídìí àtùpà. Bàbá wa àgbà, tí ó ti ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ lẹ́bàá ògiri láti ìrọ̀lẹ́, tí a sì rò pé kò gbọ́ nǹkan kan, wú ikọ́ díẹ̀, ó sì béèrè, bí ẹni tí ń bi ara rẹ̀ léèrè, pé, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni Ìjàpá ṣubú?” Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́ eruku igi kúrò lórí rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ti àkọ́kọ́ ni èèrà lẹ̀, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ìgbín lẹ̀.” Ìtùnú bá ìyáálé, ìtùnú bá ìyàwó, èèpo ẹ̀gúsí sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Àwa ọmọdé ni a kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, nítorí a fẹ́ mọ ohun tí ó tún gbé Ìjàpá dé òkè lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí àwọn ẹyẹ ti mọ ìwà rẹ̀, àti ẹni tí ó tún lè yá a ní ìyẹ́. Bàbá ní ó ti rẹ òun, ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí oko, ó bọ̀, ó jẹun, ó sì jókòó pa àlọ́ ìṣubú ẹlẹ́ẹ̀kejì fún wa, àlọ́ tí ìyáálé kò gbọ́ rí, tí ìyàwó kò gbọ́ rí. Ó dá mi lójú lónìí pé àárín ebè iṣu ni ó ti hun ún láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn wọ̀.

Mo ti dàgbà, mo sì ti ka ìwé díẹ̀, kí n tó mọ̀ pé ohun tí bàbá mi àgbà ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ọgbọ́n orí tirẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí, tí àwọn apàlọ́, àwọn babaláwo, àwọn eléré orí ìtàgé àti àwọn òǹkọ̀wé ti ń jogún láti ọwọ́ ara wọn. Nígbà tí ìtàn bá pọ̀ tí wọ́n sì so kọ́ra, tí ọ̀kan wí èyí tí èkejì wí tọ̀hún, báwo ni ẹni tí ó fẹ́ fi wọ́n dá eré tuntun yóò ṣe é? Ìtàn iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ, ilé ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò rò pé ìlú kan wà tí ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ju ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àjọwá lọ.

Ẹni tí ó bá gba Ìkárẹ́ kọjá tí ó dojú kọ ìhà àríwá, tàbí tí ó dúró ní Ọ̀kà tí ó wo bí àpáta ṣe tò sílẹ̀ bí agbo màlúù tí ó dùbúlẹ̀, yóò mọ̀ pé ilẹ̀ Àkókó kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn ń sá lọ́nà títẹ́jú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida ń jẹ gàba, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, tí wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò kó, orí òkè ni àwọn baba wa gùn, nítorí ẹṣin kò lè gun àpáta. Ìdílé díẹ̀ ní orí òkè yìí, ìdílé díẹ̀ ní orí èyí, olúkúlùkù pẹ̀lú iná tirẹ̀, òrìṣà tirẹ̀, egúngún tirẹ̀. Ẹni tí ó wà lókè ń rí èéfín aládùúgbò rẹ̀ ní òkè kejì, ṣùgbọ́n kì í sábà gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Nupe ní Bida. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ẹlẹ́ṣin ti ń dín kù, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kan, kì í ṣe lọ́dún kan, títí tí àwọn kan fi fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn jọ wá sí ojú kan, kí àwọn jọ tẹ ìlú dó. Ibi tí orúkọ wa ti wá nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n jọ wá náà kì í ṣe elédè kan. Àwọn ará Daja, Esuku àti Efifa ń sọ èdè tí wọ́n ń sọ ní Akunnu, Ikaram, Ibaram, Gedegede, Ase àti Iyani, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè kọ́kọ́ ń pè ní Akpes, tí wọ́n wá ń pè ní Abesabesi báyìí. Àwọn ará Uro àti Ojo ń sọ èyí tí ó bá ti Arigidi àti Erusu tan. Ọ̀kà àti Ìkárẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí ilé wọn tóbi, ẹ̀ka Yorùbá ni tiwọn. Nígbà tí ó di ti ọjà, ti ilé ìjọsìn àti ti ilé ẹ̀kọ́, Yorùbá ni gbogbo wa fi ń gbọ́ ara wa yé. Ẹ wá rò ó wò: àlọ́ kan náà gba ẹnu àwọn elédè méjì tí wọn kò gbọ́ ara wọn, ó wà lórí òkè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìran mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ó sọ̀kalẹ̀ wá pàdé ara rẹ̀ nínú èdè kẹta, nídìí àtùpà kan ṣoṣo. Bí kò bá wá yàtọ̀ nígbà náà, ìgbà wo ni yóò yàtọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìtàn ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, nítorí ní ilẹ̀ Àkókó, òmíràn ń nawọ́ sí Ilé-Ifẹ̀, òmíràn sí Ìbíní, òmíràn sí ìhà Kàbà.

Àwọn tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá láti jọ gbé kò lè máa pe ara wọn ní òpùrọ́ láràárọ̀. Mo gbà pé ohun tí ó bí iṣẹ́ náà nìyẹn ní àdúgbò wa: ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àgbà máa ń bi ẹni tí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ kì í ṣe pé “Ṣé òótọ́ ni?” Ohun tí yóò bi í ni pé “Ẹnu ta ni o ti gbọ́ ọ?” Bí ó bá ti mọ ẹnu, ó ti mọ òkè, bí ó bá ti mọ òkè, ó ti mọ ibi tí ó yẹ kí ìtàn náà jókòó sí. Àwọn ìyá wa tí ń hun kíjìpá lórí òfì àdúró mọ èyí ju àwọn ọkùnrin lọ. Aṣọ tí a ń dà bora kì í ti ara òfì wá lódindi. Abala méjì tàbí mẹ́ta ni a ń rán pọ̀, ọlọ́gbọ́n ahunṣọ kì í sì í tú abala kan ká kí ó lè bá èkejì dọ́gba. Ojú ìrán ni ó ń wá. Bí ojú ìrán bá gún, kódà bí àwọ̀ abala kan bá dúdú ju ti èkejì lọ, aṣọ ti di aṣọ.

Nǹkan kan sì wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Nínú àlọ́ àpagbè, orin ni. Apàlọ́ lè fi ọjọ́ mẹ́ta kún ìrìn àjò Ìjàpá, ó lè sọ àna rẹ̀ di ọba, ó lè sọ ẹ̀bẹ di àsáró, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣi orin náà dá, gbogbo agbo ni yóò kọ̀ fún un, nítorí àwọn ni ó ń gbè é, ẹnu wọn ni ègbè wà. Apàlọ́ ni ó ni ọ̀rọ̀, agbo ni ó ni orin. Mo ti rò ó títí, n kò sì rí òfin kan tí ó tún jinlẹ̀ jù ú lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mú ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ kí ó fi dá eré tuntun: kí ó kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ mọ ibi tí àwọn olùgbọ́ ti ń gbè, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ibẹ̀, kí ó sì máa yan fanda ní ibi yòókù. Nígbà tí àlọ́ bá tán, apàlọ́ a fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀ kí ó ró bí agogo, láti fi búra pé òun kò purọ́. Ẹnu tirẹ̀ ni ó gbá. Kò gbá ti orogún rẹ̀.

Bí a bá kúrò nílé tí a wo ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀, ojú ìrán tí ó lókìkí jù lọ ni ti ọjọ́ tí wọ́n dá ilé ayé. Àwọn kan ní Ọbàtálá ni Olódùmarè rán pé kí ó wá tẹ ilẹ̀ sórí omi. Àwọn kan ní Odùduwà ni ó tẹ̀ ẹ́. Aláṣẹ ni àwọn méjèèjì, olórò ni àwọn méjèèjì, ọmọ pọ̀ lẹ́yìn wọn, kò sì sí ẹni tí ó tó fi apá kan gbé ọ̀kan jù sí igbó. Kí wá ni àwọn àgbà ṣe? Wọ́n ní Ọbàtálá ni a rán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì mú àpò ìwà, ó mú adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ó sọ̀kalẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo bí ìrán náà ti gún tó! Ẹni tí ó ní Ọbàtálá ni a rán jàre. Ẹni tí ó ní Odùduwà ni ó tẹ ilẹ̀ jàre. Láti inú àárín wọn ni ìtàn tuntun sì ti hù, tí ó sọ ìdí tí àwọn ọmọ Ọbàtálá kò fi ń fẹnu kan ẹmu títí di òní. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú: ìdí náà gan-an ni àwọn àgbà wá lọ, nígbà tí wọ́n sì rí i, ó ti di ìtàn fúnra rẹ̀. Nínú odù Ifá mẹ́rìndínlọ́gọ́ta-lé-nígba, ìyẹn 256, irú àyè bẹ́ẹ̀ pọ̀. Babaláwo kì í sì í kì ẹsẹ̀ Ifá láìdárúkọ awo tí ó kọ́kọ́ dá a àti ẹni tí ó dá a fún, débi pé ẹsẹ̀ méjì tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lè jọ gbé inú odù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni ín.

Ti Ṣàngó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó so, àbí kò so? Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ó so, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọba kò so, àárín gbólóhùn méjèèjì kò sì gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí orí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963, tí ó sì gbé e dé Berlin ní Jámánì ní ọdún kejì, kò dá ẹjọ́ náà. Ó jẹ́ kí ojú wa rí ìbànújẹ́ ọba, ó sì jẹ́ kí etí wa gbọ́ igbe àwọn olùfẹ́ rẹ̀, ó wá fi igbe náà sọ orúkọ eré rẹ̀ ní *Ọba Kò So*. Orin ni kò jẹ́ kí ó yẹ̀. Àwọn kan a sì máa sọ pé kí a ṣí ìwé wò, kí asọ̀ lè tán. Èwo nínú ìwé náà? Ìwé tí ọ̀pọ̀ fi ń búra, ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, 1921 ni a sì tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àtúnsọ ni ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó ṣubú, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́.

Àwọn eléré tí wọ́n ń mú ìwé ìrìn àjò àràmàǹdà wá sí ojú ìtàgé ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú ìwé Amos Tutuola tí ó jáde ní 1952, ti ọ̀mùtí tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, ó sì fi dá eré *Lànkẹ́ Ọ̀mùtí* ní Ìbàdàn ní 1963. Nítorí pé ohun tí ó wà nínú ìwé náà kò ṣeé tò tẹ̀lé ara wọn lójú ìtàgé, ó sọ ọ́ di àlá tí ọ̀mùtí náà lá. Mo bọ̀wọ̀ fún Ògúnmọ́lá, nítorí àgbà ọ̀jẹ̀ ni, ó sì mọ ènìyàn ṣe débi pé ẹni tí ó wò ó kì í gbàgbé. Síbẹ̀ n kò fi gbogbo ara fẹ́ràn ọ̀nà àlá yẹn, nítorí ohun gbogbo ni àlá lè gbà, ibi tí ohun gbogbo bá sì ti bá ara mu, kò sí ojú ìrán tí ènìyàn lè wá mọ́. Wálé Ògúnyẹmí ṣe é ní ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí ó ń fi *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, ìwé D. O. Fágúnwà, kọ *Láńgbòdó*, eré tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ níbi àjọ̀dún FESTAC ní 1977, Dàpọ̀ Adélùgbà sì ni olùdarí rẹ̀, ó gbájú mọ́ ìrìn àjò àwọn ọdẹ tí ọba rán níṣẹ́ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ibi báyìí ni òun dúró sí nínú ìtàn kì í ṣìnà.

Kì í ṣe ènìyàn dúdú nìkan ni ìtàn tí kò bára mu ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Star Trek, ìtàn àwọn tí ń fi ọkọ̀ rìn láàrin ìràwọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 8 September 1966. Ẹ̀yà jagunjagun kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Klingon. Láyé ìgbà náà, iwájú orí wọn jọ ti gbogbo ènìyàn. Nígbà tí fíìmù ìtàn náà jáde ní 1979, iwájú orí Klingon ti di gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ FASA ní Chicago fi ìtàn náà dá eré tí àwọn ènìyàn ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, tí olúkúlùkù ń gbé ìwà akọni kan wọ̀, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tí ó dáwọ́ lé yóò ṣeé ṣe tàbí kò ní í ṣeé ṣe. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé eré náà ní láti wá ìdí sí gbogbo ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò sọ, wọ́n ka ọdún, wọ́n to ogun, wọ́n sọ ìdí tí Klingon fi jẹ́ oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n tún gbé ìtàn tuntun jáde ní 1987, wọn kò tẹ̀lé ètò wọn. Ó dùn mí fún wọn. Ní 1996, nínú eré tí wọ́n fi sàmì ọgbọ̀n ọdún ìtàn náà, wọ́n bi Klingon kan léèrè ohun tí ó ṣe orí àwọn baba rẹ̀, ó sì dáhùn pé àwọn kì í bá ará ìta sọ ọ́. Mo gbọ́ èyí, mo rántí ilé wa: kò sí ọmọ Àkókó tí kò tíì gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbà nígbà tí ó béèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn aṣọ egúngún. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ní 2005, wọ́n wá pa á ní ìtàn odindi, pé àrùn kan ni ó jà láàrin àwọn baba ńlá Klingon tí ó sọ orí wọn di pẹlẹbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìjàpá ṣubú, àní láàrin ìràwọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan adé tàbí ilẹ̀, iṣẹ́ yìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìlú pọ̀ ní Àkókó tí ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ti di ẹjọ́, tí ó ti jó ilé, tí ó ti tú ọjà ká. Apàlọ́ kì í lọ síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ lọ, nítorí níbi tí ẹnìkan yóò ti sùn nínú ebi bí èkejì bá jàre, ojú ìrán kì í tó.

Ní ìsinmi ilé-ìwé tí ó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi ní Àjọwá. Ó kó ìwé D. O. Fágúnwà wá, ìwé àgbà òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa níhìn-ín ní 1903, tí ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 1963: *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti 1938 àti *Igbó Olódùmarè* ti 1949, èèpo ẹ̀yìn wọn ti ya, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Òun àti àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́ta ń fi ìwé náà dá irú eré orí tábìlì tí mo sọ yẹn. Ó ya igbó sínú ìwé ilé-ìwé rẹ̀, ó fi kóró ẹ̀gúsí ṣe àwọn ọdẹ, ó sì yọ dáìsì nínú páálí lúdò. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnìkan fẹ́ jẹ́ Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn, ẹnìkan sì fẹ́ jẹ́ Olówó-ayé. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ Àkàrà-Oògùn ni Kàkó, bàbá Àkàrà-Oògùn sì ni Olówó-ayé.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìwé tí ó jáde lẹ́yìn ni ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Fágúnwà mú wa mọ ọmọ kí ó tó wá mú wa mọ baba, bí àlejò tí ó kọ́kọ́ pàdé ọmọdé lójúde kí ó tó kí baálé nínú ilé.

Mo ní kí ó jókòó. Mo bi í pé, “Ta ni ó sọ ìtàn Òkè Láńgbòdó fún wa?”

“Àkàrà-Oògùn ni, sà.”

“Ó wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀. Òun ni ọba kọ́kọ́ bẹ̀.”

“Ti Igbó Olódùmarè ńkọ́?”

“Òun náà ni ó wá sọ ọ́.”

“Òun náà wà níbẹ̀?”

Ó dákẹ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá rí ẹnu ọ̀nà lára ògiri tí ó ti ń wò láti àárọ̀. “Rárá, sà. Bàbá rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.”

Ó sáré padà sídìí tábìlì, mo sì dìde tẹ̀lé e láti lọ wò ó. Ó fa ilà sí agbedeméjì ojú ìwé kan. Ní apá kan ó kọ *ohun tí ó fojú rí*, ní apá kejì ó kọ *ohun tí wọ́n sọ fún un*. Láńgbòdó bọ́ sí apá kìíní, Agbáko olójú mẹ́rìndínlógún bọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Èṣù-kékeré-òde àti Àǹjọ̀nú-ìbẹ̀rù inú *Igbó Olódùmarè* bọ́ sí apá kejì. Ó ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò lè yí ti apá kìíní padà, nítorí ẹni tí ó ṣe ojú rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n pé baba kì í sọ ohun gbogbo fún ọmọ, ohun tí Olówó-ayé kò sì sọ fún Àkàrà-Oògùn ṣì wà nínú igbó náà níbi tí ó fi í sí. Nítorí náà Kàkó kò lè pàdé Olówó-ayé, ṣùgbọ́n ó lè rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ Olówó-ayé yóò máa ṣeré tirẹ̀ ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó ń ṣe Kàkó yóò máa dé ibi kan náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ohunkóhun tí ẹni àkọ́kọ́ bá sì fi sílẹ̀ lábẹ́ àpáta ni ẹnìkejì yóò bá níbẹ̀.

Àwọn ọmọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀kan mú dáìsì, ó jù ú sórí tábìlì, ó dúró sí márùn-ún. Ọmọ àbúrò mi ti kóró ẹ̀gúsí Kàkó síwájú títí dé ẹnu ihò àpáta kan tí ó yà sí etí ìwé, ó ní iná ń jó nínú ihò náà, ẹnìkan sì ń gbẹ́ igi níbẹ̀, ẹni tí ó ti ń retí ọmọ Olówó-ayé láti ọjọ́ tí wọn kò tíì bí i.

Mo gbàgbé pé àgbà ni mí. Mo ní, “Ta ni?”

Ó pa ìwé náà dé, ó yán, ó ní, “Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Ó di ọ̀la.”